Oògùn Má-Sùn ní Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀

Ẹni tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rí nígbà tí Iléyá ń bọ̀ lọ́nà mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Ẹ̀rọ ń ké, áyọ́ọ̀nù ń gbóná, oníbàárà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí òun bá rí aṣọ òun. Bí ṣọ́ọ̀bù Alhaji Sìrájù ṣe rí ní àdúgbò Koumassi nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Alhaji. Ó ti pẹ́ tó ti ń rán agbádá l'Abidjan, àwọn ọlọ́jà Adjamé pàápàá ń gbé aṣọ wá bá a.

Ràyhánà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya aṣọ tuntun sórí ìwé kí wọ́n tó rán an ló ń kọ́. Olùkọ́ wọn ti fún wọn ní ìwé ìròyìn kan, ó ní kí kálukú ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa Madame Ànísà, kí wọ́n sì kọ èrò ọkàn wọn wá. Madame Ànísà yìí, òun ló ń ya aṣọ fún àwọn èèyàn ńlá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Biétry, àdúgbò àwọn olówó. Àwòrán rẹ̀ ni Ràyhánà lẹ̀ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì.

Bó ṣe gbé ìwé ìròyìn náà wọ ṣọ́ọ̀bù, Alhaji dá ẹ̀rọ dúró. "Kà á sókè, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyí gbọ́ bí èèyàn ṣe ń ti ìdí ẹ̀rọ dolówó."

Ràyhánà kà á. Ó ka bí Madame Ànísà ṣe fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àdúgbò Siporex. Ó kà nípa aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe ọnà sí lọ́rùn, aṣọ tó sọ obìnrin náà di olókìkí. Ó wá dé ibì kan, ó dákẹ́.

"Kí ló dé?"

"Ọ̀fun mi gbẹ, Bàbá."

Irọ́ ló pa. Ohun tó rí níwájú ni kò lè kà sókè. Madame Ànísà sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Àrífù, àbúrò òun ọkùnrin, ló ṣe ọnà ara aṣọ funfun náà. Ọjọ́ ń lọ, iṣẹ́ kò parí, òun bá fún un ní oògùn tramadol kó má baà sùn. Aṣọ jáde, ayé pàtẹ́wọ́ fún òun, oògùn sì di bárakú sí Àrífù lára. Nígbà tó yá, ojú ń ti ìdílé. Wọ́n gba gbogbo oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi í sínú bọ́ọ̀sì pé kó máa lọ bá ẹbí nílé. Gìrì mú un lójú ọ̀nà. Ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni ni wọ́n sin ín sí.

Ràyhánà gbójú sókè, ó wo Kàmíl, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òógùn bo Kàmíl nídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. L'Ọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, bọ́ọ̀sì ni Kàmíl náà máa wọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, nítorí oògùn kan náà. Báàgì rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Àwa tí a tilé wá ṣòwò l'Abidjan, a mọ àṣà yìí dáadáa. Ọmọ tó bá ti yà bàrá, ilé là ń dá a padà sí. A ó ní ó lọ kí ìyá àgbà, tàbí ó lọ ké kéwú. Ìyá àgbà tí kò mọ nǹkan kan la ó di ẹrù náà lé lórí, àwa a wá máa rìn láàárín ẹgbẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe. A ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Ìwà ojo ni.

Inú bí Ràyhánà. Madame Ànísà ló kọ́kọ́ bí i nínú. Ó délé, ó já àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri. Irú ẹ̀gbọ́n wo ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún àbúrò ní májèlé nítorí aṣọ? Àwòrán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó rántí Iléyá èṣí. Alhaji a fa dúrọ́ọ̀ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, a mú oògùn jáde, a pín in pẹ̀lú Nescafé fún àwọn ọmọ iṣẹ́. "Ẹ gbé e mì, ẹ má sùn o, aṣọ ọlọ́jà nìyẹn." Ó sì ń yin Kàmíl lójú gbogbo wọn pé akin ni, kì í rẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí akin fi di ọmọ burúkú lẹ́nu bàbá kan náà.

Ràyhánà lọ bá ìyá rẹ̀, Alhaja Sùwéébátù, tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

"Màámi, ẹ má jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Kàmíl lọ."

"Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ará quartier wa yìí gbọ́ ni? Tó bá dé Ìsẹ́yìn, ara rẹ̀ á balẹ̀."

"Tí ara rẹ̀ ò bá gbé e dé Ìsẹ́yìn ńkọ́?"

"Ràyhánà, gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn."

"Aṣọ tí kò bá rí oòrùn, Màámi, ó ń rà ni."

Kò dúró gba èsì. Ó gba ilé Tántì Fàwàsíyà lọ. Ọmọ Ìgbòho ni Tántì yìí, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan, àwọn tí oògùn ti di bárakú fún ló sì ń tọ́jú níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn méjèèjì wọ ṣọ́ọ̀bù, Alhaja náà sì tẹ̀ lé wọn wá, ẹ̀rù ń bà á.

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé Kàmíl ń lọ sílé."

"Ó fẹ́ lọ kí ìyá mi ni."

Fàwàsíyà kò bá a jiyàn. Ó kọjú sí Kàmíl. "Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́ tó ò bá lo oògùn yẹn?"

"Y a fohi, Tántì. Kò sí nǹkan kan."

"Kàmíl."

Ọmọkùnrin náà wolẹ̀. "Ara máa ń gbọ̀n mí, inú á máa run mí. Mo gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo ṣubú ní balùwẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mo lajú, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu mi."

"O ò sì sọ fún mi," ni Alhaja wí.

"Màámi, ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Fàwàsíyà fa àga, ó jókòó. "Alhaji, ẹ gbọ́. Tramadol kì í ṣe oògùn agbára. Oògùn ìrora ni, dókítà ló ń kọ ọ́ fún aláìsàn tó bá yẹ. Tó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá èémí dúró. Tó bá sì ti di bárakú, téèyàn já a gbà lójijì, gìrì lè mú onítọ̀hún. Dókítà ló ń báni dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ la Ghana, Togo àti Bénin kọjá. Tó bá ṣubú ní bodè, ta ló máa gbé e?"

Ojú Alhaji le. "Ṣé èmi ni mo rán an níṣẹ́ ẹ̀? Ẹgbẹ́ burúkú ló kó."

Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ kì í pe bàbá rẹ̀ lópùrọ́. Ràyhánà kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí," ó sì fa dúrọ́ọ̀ tábìlì náà síta. Páálí oògùn tuntun wà níbẹ̀, láàárín ṣọ́ọ̀kì àti abẹ́rẹ́.

"Iléyá ọdún yìí lẹ ra èyí dè, àbí?"

Alhaji wo páálí náà, ó wo Kàmíl, ó jókòó.

"Gbogbo télọ̀ ló ń ṣe é," ó ní. "Mo rò pé bíi Nescafé ni."

"Ẹ ti wá mọ̀ báyìí," ni Fàwàsíyà wí. Ó kó páálí náà sínú àpò rẹ̀ kó lè kó o fún àwọn tó máa dà á nù nílé ìwòsàn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Alhaji fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì Kàmíl. Wọ́n wọ takisí wôrô-wôrô. Awakọ̀ bi wọ́n bóyá gáréèjì bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń lọ. Alhaji ní rárá, ilé ìwòsàn ni, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Kàmíl padà sídìí oògùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún mú un padà sọ́dọ̀ dókítà, kò sẹ́ni tó nà án, kò sẹ́ni tó ṣépè fún un. Ó ṣì ń lọ gba ìtọ́jú títí di òní, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n tó ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ọlọ́jà kan wọlé, ó ń pariwo, ó ní agbádá òun dà. Alhaji Sìrájù dìde.

"Agbádá yín kò tíì parí. Ẹ má bínú. Àwọn ọmọ mi sùn lánàá."

Ọkùnrin náà gba aṣọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ bá télọ̀ gidi. Alhaji ní kí Ọlọ́run sin ín lọ.

Ràyhánà lẹ àwòrán Madame Ànísà padà mọ́ ògiri. Ohun tó kọ fún olùkọ́ rẹ̀ kò gùn: "Inú ń bí mi sí obìnrin yìí, mo sì dúpẹ́ pé ó sọ òtítọ́, torí òtítọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, tí mo bá rí aṣọ tó rẹwà, mo máa béèrè bóyá ẹni tó rán an rí oorun sùn."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ìwọ ọ̀gá tí ò ń fún ọmọ iṣẹ́ ní oògùn kó má baà sùn, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lò ń fi ṣeré, jáwọ́. Ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri ìgboro. Tó bá ti di bárakú sí ọmọ yín lára, àìsàn ni. Ẹ má nà án, ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má já oògùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ sílé láti bo àṣírí. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Tí gìrì bá mú un tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìwọ oníbàárà tí ò ń lu ilẹ̀kùn télọ̀ nígbà tí ọdún ku ọ̀la, o wà nínú ẹjọ́ yìí. Aṣọ tó ò rí wọ̀ lọ́dún yìí, wàá wọ̀ ọ́ lámọ́dún. Jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn sùn.