Bóòtù Tó Kán Lọ́jọ́ Sátidé

"Má fi agbára bá a jà," bàbá Sípánà wí láti orí àga tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mótò. "Fún un ní ọ́ìlì sí i, kí o fi í sílẹ̀ títí oòrùn á fi rọ̀."

"Bàámi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fún un ní ọ́ìlì láti àárọ̀."

"Kó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko," Sípánà bá a parí rẹ̀, ó sì yínmú níbi tí bàbá rẹ̀ ò ti lè rí i.

Ará àdúgbò ló sọ ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí ní Sípánà, torí láti kékeré ló ti ń gbé irinṣẹ́ tẹ̀lé bàbá rẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ dunjú ni bàbá náà kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà náà, ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ṣe é. Mótò tó wà nílẹ̀ yìí ni ìyá Sípánà fi ń gbé búrẹ́dì kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Bíréèkì rẹ̀ ti ń ké láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, páàdì rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ pààrọ̀.

Bóòtù méjì ló de irin tó gbá páàdì mú. Tìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ tú kí wọ́n lè gbé irin náà sókè. Ìyẹn gan-an ló dípẹtà, tó takú síbẹ̀.

Bàbá yìí ní àṣà kan. Bóòtù tó bá ti dè le, ó máa ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín sí i lórí. Ẹni tó bá fa ìlà náà ti búra nìyẹn pé, "Èmi ni mo dè é, ó dá mi lójú." Bí bàbá bá ti rí ìlà, kì í wádìí mọ́.

Oògùn ọ̀sán máa ń kùn ún lóorun, ló bá wọlé lọ sùn. Kò pẹ́ tó wọlé ni ọ̀rẹ́ Sípánà kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Aláròyé dé, ó ti múra tán.

"Aago mẹ́rin ku díẹ̀. Gbogbo kíláàsì ti pé lọ́dọ̀ onífọ́tò. Bí a bá ti ṣe ìdánwò àṣejáde yìí tán, ta ló mọ ibi tí kálukú máa gbà lọ? Àbí mótò lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Ẹ dúró dè mí. Bóòtù kan ló kù."

"Bóòtù kan láti àárọ̀? Fà á tu, jàre. Wọn ò ní dúró dè ọ́."

Aláròyé bá tirẹ̀ lọ. Ojú ti Sípánà, inú sì bí i. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bóòtù ni wọ́n pa á fún. Ó ki páìpù irin bọ ìdí sípánà kó lè gùn sí i, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó sì fi gbogbo ara fà á.

Ó dún kọ́. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó rò pé ó ti tú. Àfi bí orí bóòtù ṣe já bọ́ sílẹ̀, tí ìyókù sì wà nínú ihò.

Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Kó jí bàbá rẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì ìkángun àdúgbò kó wá lu ìyókù jáde. Ṣùgbọ́n fọ́tò á ti lọ, bàbá á sì ní, "Ṣé mi ò sọ fún ọ?" Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ó gbé irin náà sókè, ó fi páàdì tuntun sí i, ó dá a padà. Gúlù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà ló fi lẹ orí bóòtù mọ́bẹ̀, ó fi gíríìsì pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa ìlà funfun sí i.

Bàbá rẹ̀ jáde wá, ó ń fọwọ́ ra ògiri. "Ó tú?"

"Ó tú, sà."

"O dè é padà dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rí ìlà, ó sì rẹ́rìn-ín. "Mo dúpẹ́ pé mo bí ọ," ó wí. Sípánà de táyà padà, ó sáré lọ ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìyá rẹ̀ wa mótò náà yí àdúgbò po. "Kò ké mọ́," ó wí tayọ̀tayọ̀. "Ọmọ mi, wàá jèrè ọwọ́ rẹ." Sípánà sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀la lòun máa sọ òótọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ Sípánà ò lò tó ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, bí ìyá ṣe ń gbé búrẹ́dì lọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, irin tó gbá páàdì mú yọ, ó há mọ́ táyà, mótò sì yà kúrò lọ́nà, ó lọ sọ lu ògiri. Ẹsẹ̀ ìyá kán lọ́nà méjì. Dókítà ní ó máa rìn, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló máa fi rìn, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù mọ́.

Mẹkáníìkì tó wọ́ mótò wálé sọ fún bàbá pé bóòtù ìsàlẹ̀ ti kán. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù lọ́sàn-án, bàbá kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di bẹ́ẹ̀dì mú.

"Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò," ó wí. "Ojú mi ti bá ọwọ́ mi lọ. Èmi ni mo fẹ́ pa ọ́, ìyá ọmọ mi. Dárí jì mí."

"Ẹ dìde, Bàbá Sípánà," ìyá ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Sípánà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ike omi dání. Kò wí nǹkan kan.

Nírọ̀lẹ́, bàbá ní kó kó gbogbo irinṣẹ́ òun sínú àpò, kó kó wọn fún mẹkáníìkì náà. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan mótò mọ́ láyé. Sípánà kó wọn dé ìdajì, ó gbé àpò náà sílẹ̀.

"Bàámi, kì í ṣe ojú yín. Èmi ni mo kán an. Gúlù ni mo fi lẹ orí rẹ̀."

Bàbá yíjú sí i. "Nígbà tí mo kúnlẹ̀ lọ́sàn-án, o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"O gbọ́ ohun tí mò ń sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"O sì dákẹ́."

Kò gbá a létí. Ì bá sàn fún Sípánà ká ní ó gbá a. Bàbá fa àpò irinṣẹ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Bóòtù tó ti kán mọ́ mi lọ́wọ́ ò lóǹkà. Ká ní o jí mi ni, à bá ti lù ú jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ sọ fún ìyá rẹ fúnra rẹ."

Ìyá sunkún, ó sì dárí jì í. Bàbá náà ní òun ti dárí jì í. Àwọn irinṣẹ́ ò kúrò nílé, bàbá àtọmọ sì ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí Sípánà bá ti ní, "Bàámi, mo ti dè é," bàbá á rọra sọ̀ kalẹ̀ látorí àga, á fi ọwọ́ òsì nìkan mú sípánà, á sì dán bóòtù náà wò fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ a máa bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, kò sí ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí rí. Ẹni tó bá bò ó mọ́lẹ̀, orí ẹlòmíràn ló gbé e kà. "Bàámi, ó kán mọ́ mi lọ́wọ́": gbogbo ohun tí Sípánà ní láti sọ lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn.