Ọ̀dà Pupa Lára Ilé Gẹdú

Orí ìtì igi ni Adébùsóyè ti kọ́kọ́ rí i. Omidan náà wọ bàtà òjò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, ó fi eyín di bírò mú, ó nà gàgà, ó ń fi téèpù wọn ògiri ilé gẹdú tí bàbá Adébùsóyè ní létí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di orí kejì mú," ló wí, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Adébùsóyè dì í mú. Ẹ gbà mí o! Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ní àga mẹ́fà láti dán kí oòrùn tó wọ̀, òun ló di téèpù mú fún odidi wákàtí méjì, tí kò ráhùn.

"Ta ni yín tẹ́ ẹ̀ ń wọn ilé wa bí ẹni wọn aṣọ yìí?"

"Monílọ́lá lorúkọ mi. Ọmọ Oǹdó ni mí. Ọ́fíìsì ìtúnṣe etí odò ní Àkúrẹ́ ló rán mi wá."

"Ọmọ Oǹdó! Abájọ tẹ́ ẹ fi lágídí."

"Alágídí kì í bẹ èèyàn pé kó bá òun di téèpù mú. Ẹ fà á le, jàre."

Nígbà kan rí, sọ́míìlì mẹ́tàdínlógún ló ń ké létí odò yẹn. Nígbà tí gẹdú wọ́n, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba àti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan wá fọwọ́ sowọ́ pọ̀: ìjọba á ṣe ọ̀nà àti iná, ilé-iṣẹ́ náà á tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe, àwọn onígi á padà sínú wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun, èrò á sì máa wá ra àga, wọ́n á jókòó wo odò. Ṣùgbọ́n ilé tó bá ṣì dúró nìkan ni wọ́n máa tún ṣe fún ẹni tó ni ín. Èyí tó bá ti wó, ilé-iṣẹ́ náà ló ni ilẹ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Adébùsóyè ti di téèpù mú, wíwọn ilé yẹn ò tán mọ́. Ògiri tí wọ́n ti wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, Monílọ́lá á ní ó ku igun kan. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á pàdé ní Ọjà Ọba, wọ́n á jẹ bọ̀ọ̀lì, Adébùsóyè á sì sìn ín dé Ìjàpọ̀ níbi tó ń gbé.

"Ìfẹ́ mi, ìgbà wo lo fẹ́ sọ̀rọ̀ wa fún Bàbá?"

"Mo ti sọ. Wọ́n ní kí n mú ọ wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

Inú Monílọ́lá dùn débi pé ó gbàgbé ṣéńjì lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àìkú náà, ó gbé ọ̀dà wá sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Adébùsóyè ti gbé àga lọ fún oníbàárà ní Ìkàrẹ́. Ní ọ́fíìsì wọn, àmì pupa túmọ̀ sí pé ẹ má fọwọ́ kàn án, títúnṣe ni. Ilé Bàbá Adépọ̀jù, bàbá ọkọ ọ̀la rẹ̀, ló kọ́kọ́ kùn, tayọ̀tayọ̀, ó sì wọ mọ́tò lọ láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Háà! Ta ni kò mọ ohun tí ọ̀dà pupa lára ògiri ń wí nílẹ̀ wa? Wíwó ni!

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé lọ́jọ́ Àìkú, ìdajì òrùlé ti wà nílẹ̀. Bàbá Adépọ̀jù fúnra rẹ̀ wà lórí àkàsọ̀, ó ń tú pákó tí bàbá tirẹ̀ kàn, kí katapílà má baà lọ̀ ọ́.

Monílọ́lá kúnlẹ̀ tòun ti léèsì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Bàbá, Monílọ́lá tí mo sọ fún yín nìyí," ni Adébùsóyè wí. "Òun ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìtúnṣe."

Bàbá sọ òòlù sílẹ̀. Bí inú bá ti bí i, èdè Àkúrẹ́ ló máa ń yọ. "Ọ́fíìsì yín ló kun ulé mi lọ́dà pupa, ìwọ lo tún ń pè mí ní bàbá? Dìde! Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹni tó fẹ́ wó ulé mi."

"Bàbá, èyí tí a ò ní wó la máa ń kùn ní pupa! Ọ̀la ni àwọn ará ìjọba ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì dúró."

Ẹ̀rù ba Adébùsóyè. Ilé bàbá rẹ̀ àti obìnrin tó fẹ́ràn jù láyé ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo.

Monílọ́lá kò jiyàn. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Mo mọ ohun tí pupa ń jẹ́ níta. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀." Ó tú gèlè, ó fi gba ìdí, ó bọ́ bàtà, ó gbé pákó kan léjìká.

Bàbá wò ó títí, kò lè pa ẹnu mọ́. "Ta ló kọ́ ọ ní gbígbé pákó?"

"Bàbá mi ni. Káfíńtà ni wọ́n ní Oǹdó."

Bàbá na ìka sí pákó mìíràn. "Ìyẹn kọ́ ló kàn. Gbé èyí tó gùn yẹn."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kàn án ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òrùlé ti padà sípò. Bàbá kò sọ pé òun dárí jì í, ó kàn bu omi fún un mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ará ìjọba àtàwọn ará ilé-iṣẹ́ náà dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ẹnjiníà kan yí ilé náà ká.

"Ilé yìí dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló kan èyí?" Pákó kan ló ń nàka sí, tí ìṣó márùn-ún tẹ̀ lórí rẹ̀.

Monílọ́lá tẹrí ba. Adébùsóyè la ẹnu láti ní òun ni, Bàbá sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìyàwó wa ni. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ ilé náà mọ́ èyí tí wọ́n máa tún ṣe.

"O gbọ́ ohun tí Bàbá pè mí?" ni Monílọ́lá sọ wúyẹ́wúyẹ́. Omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Mo gbọ́. Ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé mi ò tíì bi ọ́?"

"Dán an wò!"

"Ó dáa, mo bi ọ́ báyìí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Èmi tí mo ti ń kan òrùlé ilé ọkọ láti àná? Ìbéèrè wo ló tún kù?"

Bàbá Adépọ̀jù ti ń gbọ́ wọn, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Adébùsóyè, lọ́jọ́ Sátidé, mú mi lọ sí Oǹdó. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bí ọmọ yìí, kí n tó tọrọ rẹ̀."

Adébùsóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìyẹ̀ igi. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí, kò sì tètè dìde.