Àwọn Àfòpiná Tó Ń Wo Lydie

Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó lọ pè é bẹ́ẹ̀ lójú Bàbá Òkè, kó sì kọ́kọ́ fọwọ́ bo eyín rẹ̀.

Láti Sakété ni Òkè ti ń rìn láti ìlú dé ìlú, títí ogbó fi bá a lójú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣí fún un: ti Lydie, àbúrò rẹ̀ aránṣọ, ní Pọ́bẹ̀, lójú ọ̀nà Towé. Olùkọ́ kan tó ń ṣèwádìí kòkòrò ní Àjàṣẹ́ ló fún un níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, á ta aṣọ funfun sára ògiri, á tan lámpù sí i. Àwọn àfòpiná kéékèèké á bà. Òmíràn ò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Òkè á fi fóònù yà wọ́n ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n," Lydie á ní, "ẹgbẹ́ yín ń gbé ọmọ-ọmọ, ẹ̀yin ń ya kòkòrò."

"Kòkòrò kì í bi mí pé ìgbà wo ni mo ń lọ."

Lydie á rẹ́rìn-ín. Á gbé oúnjẹ fún un.

Àfòpiná kì í tò. Èyí á kọrí sókè, èyí á kọrí sílẹ̀. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan, gbogbo wọn kọrí síbì kan: fèrèsé Lydie.

Òkè pòṣé. Ó ká aṣọ, ó ta á sí ògiri kejì. Wọ́n bà. Wọ́n yí díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń yí ọrùn. Fèrèsé yẹn náà ni.

Lydie jáde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí kànga. Orí wọn tẹ̀ lé e. Ó dúró. Wọ́n dúró.

Inú bí Òkè. Ó bọ́ bàtà, ó fi na aṣọ náà. "Ọmọ àlè! Kí lẹ ń wá lára rẹ̀?"

Uriel, ọmọkùnrin tó ń tún alùpùpù ṣe ní ilé kejì, nahùn láti ẹ̀yìn ọgbà. "Bàbá Òkè, ta lẹ ń bá jà?"

"Ìyá rẹ!"

"Ìyá mi wà ní Aguidi."

"Lọ bá a níbẹ̀!"

Lydie jókòó lórí àpótí. Ó fọwọ́ lé àyà. "Ẹ kó ẹrù yín. Ohun tẹ́ ẹ kó wọlé mi, ẹ kó o lọ."

"Ṣé èmi ni mo bí wọn? Tìtorí kòkòrò lo ṣe ń lé mi?"

"Àyà mi ń gbóná, ẹ̀gbọ́n. Ó ti ṣe díẹ̀. Bí irin ìlọṣọ tí wọ́n da ẹ̀yinná sí."

Òkè wo àbúrò rẹ̀. Ó wo aṣọ. Ó gbé lámpù, ohun tó ń bọ́ ọ, ó là á mọ́ etí kànga. "Ó tán! Ẹ lọ!"

Iná ìlú ti lọ tẹ́lẹ̀. Òkùnkùn bo àgbàlá. Kò sí ìró rédíò, kò sí ti ajá.

Lẹ́yìn náà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún, bí ìgbà tí wọ́n ń da iyanrìn sórí ìwé. Ìyẹ́ àfòpiná ni. Wọ́n ń gba ojú Òkè kọjá. Wọn ò bà lé e.

Ó táràrà dé ọ̀dọ̀ Lydie, ó di èjìká rẹ̀ mú. Èjìká náà ń rìn. Ó gbá wọn dànù, ó ń ṣépè, ó ń gbá wọn. Wọ́n ń padà.

"Lydie, wọlé! Dìde!"

Lydie ò pariwo. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bíi ti ẹni tí wọn ò jẹ́ kó sùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa iná yìí."

"Iná wo? Mo ti fọ́ ọ! Iná wo, Lydie?"

Nígbà tí Uriel fo ọgbà wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, Lydie ṣì jókòó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kò mí mọ́. Àfòpiná kan ò sí lára rẹ̀, àfi lẹ́búlẹ́bú wọn, láti orí dé ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ ti tutù.

Àwọn ẹbí wá láti Ahoyéyé. Wọ́n ní kí Òkè sọ ohun tó fi ṣe é. Ó bú wọn, ó bú Uriel, ó bú olùkọ́ Àjàṣẹ́, títí ohùn fi há a. Wọ́n tún bi í pé kí ni Lydie sọ kẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa iná yìí."

Wọ́n ní iná wo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa iná yìí."