Ohùn Inú Fóònù Ìyá

Ohùn ọmọbìnrin náà ni Aláago kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ojú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí irin bíńtín tó fi ẹ̀mú mú jábọ́ sábẹ́ tábìlì, a ò sì rí irin náà títí dòní.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń tún aago àtijọ́ ṣe?"

Háà! Aláago gbójú sókè. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló dúró níwájú káńtà, òjò ti rin síwẹ́tà aláwọ̀ ewé tó wọ̀, ó sì na aago ọwọ́ ọkùnrin kan sí i. Ọmọ náà rẹwà, àmọ́ ẹwà kọ́ ló mú kí ara Aláago bù máṣọ. Ohùn yẹn ni. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ nínú fóònù ìyá rẹ̀. Kò rò ó rí pé ohùn náà ní ọrùn, pé ó ní apá, pé ó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù èèyàn.

"Ẹ má bínú," ó ní, "ẹ bá mi sọ pé, 'Aago méje ti lù.'"

Ọmọbìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo wèrè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Aago mẹ́wàá ló lù, bọ̀dá."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Aago méje ti lù." Bó ṣe sọ ọ́ tán, òun náà fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?"

Ìgbà tí ọmọbìnrin náà wà nílé ìwé ló kọ áàpù kan fún àwọn afọ́jú, fún irú fóònù kan tó ṣì ní bọ́tìnì nígbà náà. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì àárín, áàpù á sọ iye tí aago lù, á sọ ẹni tó ń pè, á sì ka ìwé àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé. Kò sí ohùn tó ń sọ èdè wa tí ì bá lò, ló bá da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí nínú yàrá, ó sì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ra áàpù náà, wọ́n sì gba òun náà síṣẹ́.

"Fóònù yẹn ti darúgbó," ó ní. "Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́ ládùúgbò yìí."

"Ìyá mi ń lò ó. Òun ló fi ń ríran."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọbìnrin náà tẹ̀ lé e délé. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Mà," ló wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá gan lórí àga. Ó tẹ fóònù ọwọ́ rẹ̀. "Aago márùn-ún ti lù," ni fóònù wí. Ìyá yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì. "Mo gbé! Èwo ló jẹ́ èèyàn nínú yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá fọwọ́ tọ́ ojú ọmọ náà láti iwájú orí dé àgbọ̀n. "Ìwọ lo máa ń jí mi láàárọ̀. O ò tiẹ̀ sanra! Gbogbo ariwo tó ò ń pa yẹn!"

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn o. Aago tí kò yẹ kó gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ gba oṣù méjì gbáko. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣe aago bẹ́ẹ̀.

"Olóhùn Iyọ̀, aago bàbá ẹ ò tíì gbọ́ràn," ni Aláago máa ń wí, torí orúkọ tó fún ọmọ náà nìyẹn.

"Ṣé aago ni kò gbọ́ràn ni, àbí ẹni tó ń tún un ṣe?"

Nígbà tó yá, Aláago ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ìyá ò gbọ́ sí i, orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ló ti sọ ọ́. "Olólùfẹ́ mi, fẹ́ mi." Ojú ọmọbìnrin náà tàn, lẹ́yìn náà ló rẹ̀ wálẹ̀. "Fún mi di ìparí oṣù. Nǹkan kan wà níbi iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ẹ." Àmọ́ kò rí i sọ.

Ọjọ́ kẹta, fóònù sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Aláago àti Ìyá ń jẹun lọ́wọ́ ni ìwé kan wọlé. Ìyá tẹ bọ́tìnì, ohùn dídùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Ẹ̀yin oníbàárà wa. Ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí fóònù yín ti ń gba áàpù máa kógbá sílé. A ò ní tọ́jú áàpù yìí mọ́, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra fóònù tuntun. Èmi, alábòójútó fóònù àtijọ́."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìyá. "Ṣé ikú ara rẹ̀ ló ń kéde yẹn?"

Alábòójútó fóònù àtijọ́! Ohun tí wọ́n kọ sára káàdì tí Olóhùn Iyọ̀ máa ń fi kọ́rùn nìyẹn. Aláago gbé fóònù tirẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ fún Ìyá pé kó fi kọ́ra. Ìyá fọwọ́ pa á lójú títí. "Ó dà bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn lára gíláàsì fèrèsé," ó ní, ó sì dá a padà.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, Aláago ò kí i. "Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni. Ọ̀gá mi ló ní kí n kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ nìyẹn."

"Aago bàbá ẹ ti lé lógójì ọdún, mo ṣì ń wá irin sí i! Fóònù ìyá mi ò tíì pé mẹ́wàá, ẹ ti gbẹ́ sàréè fún un!"

"Mo bá ọ̀gá jà! Mo ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ó lé méjìlá ló ṣì ń lò ó. Ó ní ìyẹn kì í ṣe èèyàn."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo ní?"

Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó jáde, kò sì mú aago rẹ̀.

"O bi í léèrè ohun tó ṣe," Ìyá sọ nígbà tó gbọ́. "O ò bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Ọmọ mi, o ò ṣe é ire." Aláago pè é títí, kò gbé e. Ó tún aago náà ṣe tán, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀ kó lè máa gbọ́ bó ṣe ń dún. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ gan-an ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, tìyá tọmọ jókòó ti fóònù náà bí ẹni jókòó ti aláìsàn. Ó kù díẹ̀ kí aago méje lù ni fóònù gbọ̀n, pé àtúnṣe tuntun ti wọlé. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ohùn náà jí fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń jí:

"Aago méje ti lù. Láti òní lọ, áàpù yìí ò nílò ilé iṣẹ́ kankan mọ́, inú fóònù yín ló ń gbé. Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé mo gbà."

Aláago fò dìde, àga ṣubú.

"Ó gba kí ni?" Ìyá figbe ta. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ní kó gbà?"

Ta ló fẹ́ dúró dáhùn? Aláago ti gbá aago mú, ó ti dé títì. Olùṣọ́ ilé iṣẹ́ náà ò jẹ́ kó wọlé, ẹnu géètì ló dúró sí títí oòrùn fi kàn án látàrí. Aago méjìlá ti kọjá kí Olóhùn Iyọ̀ tó jáde, ó káwọ́ lérí.

"Mo gbé! Mo rò pé fóònù ìyá ẹ nìkan ni mo fi gbólóhùn yẹn sí. Gbogbo wọn ni mo fi ránṣẹ́ sí!"

"Gbogbo ta?"

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá! Wò ó, bàbá àgbà kan ní, 'Ọmọ mi ti láya, ó ti bímọ mẹ́rin. Kí lẹ gbà?' Màmá kan ní òun ò bímọ ọkùnrin, àmọ́ tí mo bá ti gbà, òun á bá mi wá ọ̀kan."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbé Aláago. "Ọ̀gá ẹ ńkọ́?"

"Ó fẹ́ lé mi. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé wọn. Nígbà tó yá, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ní, 'Wọ́n wà láàyè!' Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mo pariwo lé ẹ lórí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́."

"Ṣé o máa yọ gbólóhùn náà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ yọ ọ́? Ọjà ti kógbá sílé. Kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe mọ́ láyé. Láràárọ̀ ni á máa sọ ọ́ títí àwọn fóònù yẹn á fi kú."

"O ò wá lè kó ọ̀rọ̀ ẹ jẹ nìyẹn."

"Mi ò lè kó o jẹ," ó ní, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sí i. Aláago de aago bàbá rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí, inú ilé yẹn náà ni wọ́n sì ń gbé. Láràárọ̀, bí aago méje bá ti lù, fóònù àtijọ́ náà á jí, á jíṣẹ́ rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ìyá á na ọwọ́ sí i, á rọra fọwọ́ pa bọ́tìnì rẹ̀.

"Mo ti sọ fún un, ọmọ mi," ló máa ń dá a lóhùn. "Ó ti gbọ́."