Alága Títí Iná Yóò Fi Dé

Láàárọ̀ Sátidé kan, Gbọ́ládé ń da omi inú kúlà nù nílé rẹ̀ ní Ìjókò. Yìnyín tó rà bọ̀ láti Sángo ti yọ́ tán. Inú kúlà yìí ni wọ́n ń tọ́jú oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń gún fún ìyá rẹ̀ sí, nítorí kò sí tíráńsífọ́mà ládùúgbò wọn. Ó gún màmá lábẹ́rẹ́, ó sì múra ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù.

"Ẹ bá wa bi alága nípa iná o," ni Ẹfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí.

Gbọ́ládé ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Nígbà tí àdúgbò wọn yapa kúrò lára ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ńlá tó ń rẹ́ wọn jẹ, òun ló kọ ìwé òfin tuntun. Ó kọ ọ́ pé Alàgbà Akíndé, tó ṣáájú wọn nínú ìjà náà, ni yóò ṣe alága títí iná yóò fi dé. Ó rò pé òun ti so bàbá náà mọ́ iṣẹ́ ni.

Ẹfúnkẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nípa ètò ìjọba, kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ nígbà náà.

"Bàbá Adéṣọlá, ẹ kọ iye ọdún tí wọ́n máa lò. Ẹ kọ bí a ṣe lè yọ wọ́n. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, òfin ò kó gbogbo agbára fún ẹnì kan. Àwọn aṣòfin wà, kóòtù wà, ìdìbò náà ní àsìkò tiẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ṣọ́jà tì í dànù ní 1966. Ṣé èyí tí kò ní gbèdéke ló máa wá gbà wá?"

"Bàbá tó jà fún wa ni ká máa ka ọdún fún? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyí, jàre," ni Gbọ́ládé dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin! Òmùgọ̀ ló sọ ọ́, àwọn òmùgọ̀ bíi tirẹ̀ ló sì pàtẹ́wọ́ sí i. Bí iná bá dé, àga lọ nìyẹn. Ta ló fẹ́ kí àga lọ?

Nípàdé ọjọ́ náà, Nùrẹ́nì tó ń gbé ojúlé kejì tú àṣírí. Tíráńsífọ́mà tó yẹ kó jẹ́ tiwọn ti wà ní àdúgbò kejì, nítorí Akíndé kọ̀ láti fọwọ́ síwèé rẹ̀.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ lónìí!" ni Gbọ́ládé pariwo.

Akíndé rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo kọ ọ́. Ṣé iná ti dé ni?"

Fóònù Gbọ́ládé dún, Ẹfúnkẹ́ ló ń pè. Màmá ti dákú.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì yẹ ìgò oògùn wò. "Ó pẹ́ tí ooru ti ń ba oògùn yìí jẹ́. Ibi tútù ló yẹ kó máa wà, kó má sì dì. Ó jọ pé omi lásán lẹ ń gún fún wọn. Egbò ẹsẹ̀ wọn yìí ńkọ́, ẹ ò rí i ni?"

Egbò náà ti jẹrà, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ màmá ní orúnkún.

Gbọ́ládé fẹ́ pe ìpàdé pàjáwìrì láti yí òfin padà. Akíndé ní alága nìkan ló lè pe ìpàdé. Òótọ́ ni, Gbọ́ládé ló kọ ìyẹn náà. Ẹjọ́ wọn wà ní kóòtù ní Ọ̀tà báyìí, wọ́n sì ń sún un síwájú. Akíndé ṣì ni alága.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, o ní ẹgbẹ́ tìrẹ: ti àdúgbò, ti ọjà, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Gba ìwé òfin wọn, kí o kà á. Wá ọjọ́ tí olórí yóò lọ àti ẹni tó lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí o kò bá rí i níbẹ̀, má fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ bàbá tó bí ọ ló fẹ́ jókòó sórí àga náà.