Ààwẹ̀ Tí Bọ́látitó Fi Bojú

Ọ̀rẹ́ mi tí ń ka ìwé kékeré yìí, ó ṣeé ṣe kí o máa lọ sí ilé ìsìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ kí ọkàn rẹ jìnnà sí Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn Bọ́látitó rí.

Ní nǹkan bí ọdún 1975, Bọ́látitó ti Àbíjàn dé sí Èjìgbò pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Jeremiah. Ọkọ rẹ̀, Oyèníran, kò bá a wá. Ó ní ó di Kérésìmesì kí òun tó wá. Kí ìyàwó tó wọkọ̀, ọkọ yìí ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Jeremiah, o mà ti di àgbá epo! Ìwọ wo àwọn obìnrin Àbíjàn bí wọ́n ṣe rí pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Ẹ̀rín ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Bọ́látitó lára. Ó pinnu pé òun yóò ti di pẹ́lẹ́ńgẹ́ kí ọkọ òun tó dé.

Ní Èjìgbò, ta ni yóò sọ ọ́ fún? Wọn yóò ní ebi ni ọkọ rẹ̀ fi ń pa á. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, yóò ní òun wà nínú ààwẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kò yẹ kí abiyamọ máa gbààwẹ̀. Ó dáhùn pé, "Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́, Màmá." Ìjọ tí ó ń lọ ní Èjìgbò ń yìn ín, ó sì ń gba ìyìn náà.

Nígbà tí ó yá, omi ọyàn rẹ̀ gbẹ. N kì í ṣe oníṣègùn, n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo obìnrin. Ó ń fún ọmọ ní ògì, ọmọ ń bì í. Igbe Jeremiah wá di ìkérora lásán. Bọ́látitó mọ ìdí rẹ̀, ó pa ẹnu mọ́.

Ni ìjọ bá kéde ààwẹ̀ nítorí ọmọ náà.

Damaris, opó àgbàlagbà kan nínú ìjọ, fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú Ola lẹ́bàá Èjìgbò wá wo ọmọ. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Màmá, ẹ̀yin náà ń gbààwẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí yín?"

"Ṣé ẹ̀yin ará Àbíjàn nìkan lẹ mọ̀ ọ́n gbà ni? Ọjọ́ tí Jeremiah bá fi igbe lé mi jáde níbí, n ó jẹun."

Bọ́látitó wolẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ẹ dákun, Màmá, ẹ jẹun. Èmi ni mò ń pa ọmọ yìí. N kò gbààwẹ̀ rí. Ìbàdí mi ni mò ń dín kù."

"Ìbàdí tí ọmọ ń jókòó lé yẹn náà?"

Bọ́látitó ní, "Ǹjẹ́ Ọlọ́run tún lè gbọ́ tèmi?"

"Jésù kò bèèrè bóyá o sanra tàbí o tín-ínrín. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó kú fún. Sọ fún un bí o ṣe sọ fún mi. Lẹ́yìn náà, dìde ká gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí o sì sọ òótọ́ níbẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó sì fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Nọ́ọ̀sì bá a wí gidigidi: "Ara líle ni kí ẹ máa wá, ìyá, ẹ fi ara tín-ínrín sílẹ̀." Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó jẹ́wọ́ fún ìjọ. Àwọn kan ṣẹ̀sín. Ó pẹ́ kí omi ọyàn tó padà, ṣùgbọ́n ó padà, ọmọ sì yè.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Kí ni o fi orúkọ Ọlọ́run bò mọ́lẹ̀? Bóyá ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni ó ń jìyà rẹ̀ nínú ilé rẹ báyìí, tí àwọn mìíràn sì ń fi òtítọ́ inú gbàdúrà lórí irọ́ rẹ. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà náà di ọ̀la. Sọ òótọ́ fún Jésù lónìí.