Àga Tí A Kì Í Kánjú Kàn

Orí àkàbà ni Olúbọ̀dé wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Wúrà. Ó ń so iná Kérésì mọ́ àjà gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Mayesbrook Park ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ará Họ́ńgárì ti pàtẹ ọjà ọdún, tí wọ́n sì ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wọn. Bó ṣe wo ìsàlẹ̀ ló rí ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ó gbé pákó kan sí imú, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Nígbà tó dórí ìkẹrin, ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan.

Wáyà bọ́ lọ́wọ́ Bọ̀dé, ó sì balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà.

“Yéè, sorry, sorry. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ó bà yín?”

“Kò bà mí.” Ó gbójú sókè. “Áà, Yorùbá ni yín? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá gbọ́ òórùn igi yìí. Bí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ṣe ń rùn ní Ìsarà nìyí.”

Ẹ ò rí ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà kíá bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ kápẹ́ńtà ni Wúrà. Ó ti pé ọdún méjì tó dé láti ilé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Rush Green ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fíntótó ni. Kì í rí nǹkan tuntun kó má wádìí rẹ̀ dé ìdí, ìdí nìyẹn tó fi sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tó rí àwọn èèyàn tó ń kó igi wọ gbọ̀ngàn.

Zoe, arábìnrin ará Họ́ńgárì tó ń kọ́ni níbẹ̀, ṣàlàyé fún wọn. Àga Lúsíà ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá, ọjọ́ Lúsíà Mímọ́, ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oríṣi igi mẹ́tàlá ni wọ́n sì fi ń kàn án. Iṣẹ́ kan péré lóòjọ́. Ẹni tó bá ṣe méjì ti ba àga jẹ́, ẹni tó bá fo ọjọ́ kan pẹ̀lú ti bà á jẹ́. Ọjọ́ tí Kérésì bá ku ọ̀la ló ń parí. Láyé àtijọ́, ẹni tó kàn án á dúró lórí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, á sì rí àwọn tó jẹ́ àjẹ́ nínú ìjọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dáná sun àga náà.

“Báwo ni àga ṣe ń mọ àjẹ́?” Wúrà béèrè.

Zoe rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ò mọ̀. Ó ní ẹni méjì méjì ló ń kan ọ̀kan, ta wá ni ẹnìkejì rẹ̀?

“Èmi ni,” Bọ̀dé dáhùn. Wáyà mìíràn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á gé igi kan tàbí kí wọ́n lu ihò kan, wọ́n á sì jókòó sídìí tíì àti kéèkì olóyin, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Wúrà gbọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Bọ̀dé nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù, àti pé ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ dàgbà ní Gascoigne, níbi tó ti ń so iná sí àwọn ilé tuntun báyìí. Bọ̀dé gbọ́ pé Wúrà ń fi omi tútù mu gàrí nínú òtútù Disẹ́ńbà.

“Ẹsẹ̀ kẹta tí ẹ gé yìí kúrú o, Bọ̀dá oníná,” Wúrà wí lọ́jọ́ kan. “Àga wa á máa tiro.”

“Ẹ má wulẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Style ni.”

Lọ́jọ́ kẹfà, Wúrà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé long day lòun ní, òun máa wà níbi iṣẹ́ di alẹ́, pé àga ti bàjẹ́ nìyẹn. Bọ̀dé gbé pákó ìjókòó àga sábẹ́ apá, ó mú sáńpépà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ dúró sẹ́nu géètì ibi iṣẹ́ rẹ̀.

“Break mi ò ju ten minutes lọ,” ni Wúrà wí nígbà tó jáde. Ojú rẹ̀ ń dán.

“Iṣẹ́ òní ò ju five lọ.”

Wọ́n jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà níwájú ilé. Bọ̀dé di pákó mú, Wúrà ń fi sáńpépà fá a títí ó fi dán. Nígbà tó parí, Bọ̀dé fẹ́ eruku igi kúrò lápá aṣọ Wúrà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Wúrà jẹ́ kó fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní Bọ̀dá mọ́.

Bọ̀dé ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ayọ̀ pa mọ́, ẹnu rẹ̀ ló sì kó bá a. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ròyìn Wúrà àti àga fún ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun, kò sì fo ibi kankan. Màmá Bọ̀dé, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà, gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Àga tí wọ́n fi ń rí àjẹ́? Ẹni tó bá ń wá àjẹ́ kiri, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wá. Ọmọ yẹn ò ní wọ ilé mi.”

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dé sọ ohun tó ti ń gbìyànjú láti sọ tipẹ́. “Wúrà, mo fẹ́ fẹ́ ẹ.”

Wúrà dá òòlù ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Kí ni Màmá sọ?”

Bọ̀dé ò mọ irọ́ pa, nítorí náà ó sọ ọ́. Wúrà rọra gbé òòlù sílẹ̀.

“Àmọ̀kẹ́ lorúkọ àbúrò bàbá mi,” ó ní. “Ọmọ kan kú nílé ọkọ rẹ̀, wọ́n bá pè é ní àjẹ́. Ilé wa ló padà sí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ló máa ń jókòó sí, kò sí ẹni tó ń kí i títí tó fi kú. Ìdí tí mo fi béèrè bí àga ṣe ń mọ àjẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ràn ẹ, Bọ̀dé, ọkàn mi ò sinmi lé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ilé tí wọ́n ti ń fura sí mi. Tí Màmá ò bá gbà, ọjọ́ tí àga yìí bá parí, àwa náà parí nìyẹn.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Iṣẹ́ náà ò wá yá wọn mọ́, ìṣó kan á gbà tó wákàtí kan. Nílé, Bọ̀dé bẹ ìyá rẹ̀ títí. Màmá ní òun ti gbọ́. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bi í bí ẹni pé kò nítumọ̀: “Igi mélòó ni wọ́n ní àga yẹn ń gbà?”

Kérésì ku ọ̀la. Ní ọ̀sán, Zoe ní kí àwọn tó ti parí máa gun àga wọn wò. Wúrà gun tiwọn. Ó wo orí àwọn èèyàn kọjá, ó wo àwọn bèbí tí wọ́n fi háhá àgbàdo ṣe, ojú rẹ̀ sì bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà kan dúró níbẹ̀ tó wọ kóòtù dúdú lórí sùtánà funfun. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀ kó lè sinmi. Imú Bọ̀dé ló wà lójú rẹ̀.

“Màmá,” Bọ̀dé wí.

“Ìwọ ni Wúrà?”

“Èmi ni, mà.” Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kúnlẹ̀.

“Dúró síbẹ̀ ná. Wọ́n ní ẹni tó bá gùn ún á rí wọn. O ti gùn ún, èmi lo sì wò. Ta lo rí?”

Bí Wúrà bá ní òun rí i, ó ti pe ìyá ní àjẹ́. Bó bá ní òun ò rí ẹnì kankan, ó ti purọ́ mọ́ àgbà lójú. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi kan àga dúró lórí ìdáhùn Wúrà.

Wúrà sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu àga náà, ó gbé e lọ sẹ́yìn ìyá, ó sì kúnlẹ̀.

“Mo rí ìyá kan tí orúnkún ń dùn, mà. Ó ti dúró pẹ́, kò sì sẹ́ni tó fún un ní àga. Ẹ jókòó, mà.”

Màmá Bọ̀dé wo àga, ó wo ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Àga náà tẹ̀ sí òsì díẹ̀, ó sì dúró.

“Ẹsẹ̀ kan kúrú.”

“Bọ̀dé ló gé e, mà.”

“Mo mọ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń gé nǹkan nìyẹn.” Ó na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀. “Ta ló fá ibí?”

“Èmi ni, mà. Bọ̀dé ló bá mi dì í mú.”

“Ó dán.” Ó fọwọ́ kan Wúrà léjìká. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, mo ti kó o jẹ. Dìde.”

Zoe, tí kò gbọ́ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ wọn, wá sọ pé iná ti ràn níta, kí ẹni tó bá fẹ́ sun àga rẹ̀ máa gbé e bọ̀. Bọ̀dé ṣàlàyé iná náà fún ìyá rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ àga mú.

“Sọ fún un pé ẹni tó bá fọwọ́ kan àga mi, èmi àti ẹ̀ ni.” Ó yíjú sí Wúrà. “Bàbá rẹ tó jẹ́ kápẹ́ńtà, ṣé ó wà láyé?”

“Ó wà, mà.”

“Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yin méjèèjì. Àmọ́ ká má kánjú o. Iṣẹ́ kan lóòjọ́.”

Ọwọ́ Bọ̀dé wá ọwọ́ Wúrà rí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì dì í mú. Màmá mọ̀, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn.